Ọyẹ́ Lórí Omi: Láti Owódé Onírin Dé Ojú Ọ̀sà

Ẹni tí ó bá kúrò ní Máìlì 12 tí ó dojú kọ Ìkòròdú, tí ó ń gbọ́ bí òòlù ti ń bá irin wí lọ́tùn-ún àti lósì, tí ó ń wo àwọn ẹ́ńjìnnì àlòkù, ilẹ̀kùn ọkọ̀, páìpù àti irin ìkọ́lé tí wọ́n tò gègèrè títí ojú fi sú un, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé Owódé Onírin ni òun wà, ọjà Ògún Lákáayé, níbi tí àwọn mẹkáníìkì Èkó ti ń wá ẹ̀yà ara tí wọn yóò fi jí ọkọ̀ tí ó ti kú dìde. Láti oṣù November ọdún 2015 tí bọ́ọ̀sì BRT ti ń gba ojú ọ̀nà tirẹ̀ kọjá níbẹ̀ lọ sí Ìkòròdú, ìrìn náà ti yá sí i, èrò ọkọ̀ kò sì ráyè wo ẹ̀yìn ọjà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ọjà ni ọ̀rọ̀ tèmi wà. Ọ̀hún ni Odò Ògùn ń gbà lọ, omi Yemọja, arìnnà-jíjìn-má-káàárẹ̀, ọmọ òkè Ṣakí tí ó la ilẹ̀ Ọ̀yọ́ já, tí ó gba ẹsẹ̀ àpáta Abẹ́òkúta kọjá, kí ó tó wá fi ara balẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Kòsọ́fẹ́, tí ó ń wá ibi tí yóò gbà wọ ọ̀sà.

Nígbà ọyẹ́ ni mo bá odò náà rìn, ọyẹ́ náà ni ó sì gbé mi dé ibẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ní yìnyín tí í bo òrùlé. Àwa ní ọyẹ́, àlejò aṣálẹ̀ tí kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé, ala-ètè-olówó bí ó ti la ti tálákà. Láti ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan wà láyé àtijọ́ tí ó ti gbẹ di eruku ní àfonífojì Bodélé, ni afẹ́fẹ́ ti ń kó ekuru rẹ̀, tí ó gbé e gba orí ilẹ̀ Haúsá, tí ó gbé e kọjá Odò Ọya, títí yóò fi dé etíkun lọ́dọ̀ wa láàárín oṣù December sí February. Kì í pẹ́ ní Èkó bí ó ti ń pẹ́ ní òkè ọya. Ó lè fẹ́ fún ìwọ̀nba ọjọ́, kí afẹ́fẹ́ òkun tó lé e padà, kí ó sì tún yọjú nígbà tí a rò pé ó ti lọ. Nítorí pé kì í pẹ́ ni àwa ará ilẹ̀ fi ń fojú kéré rẹ̀. A ó fi òrí pa ètè, a ó wá ẹ̀wù òtútù láti ìsàlẹ̀ àpótí, a ó ti fèrèsé, ọ̀rọ̀ sì parí. Ṣùgbọ́n fèrèsé wo ni ẹni tí ń sùn nínú ọkọ̀ ojú omi yóò tì? Ògiri wo ni yóò fara tì? Ìbéèrè tí ó mú mi kúrò nílé nìyẹn, n kò sì rí ìdáhùn rẹ̀ gbà ní orí ilẹ̀.

Ní ìsọ̀ ẹni tí ń ta ríìmù àlòkù ni mo ti pàdé bàbá atukọ̀ tí mo bá lọ. Ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù tí kò lè gbé táyà mọ́ ni ó ń nájà, ó ń fi òkúta kan án, ó ń tẹ́tí sí dídún rẹ̀, ó sì ń fi ìka ya ibi tí yóò ti ní kí wẹ́dà la ẹnu fún un. Mo kí i kú ọjà, mo kí i kú ọyẹ́. Ó ní, "Ọyẹ́ náà ni mo tìtorí rẹ̀ wá, ọmọ mi. Ẹ̀yin ará ilẹ̀, aṣọ lẹ fi ń bá a jà. Àwa, irin ni." Nígbà náà ni ó ṣàlàyé fún mi pé ríìmù yìí ni yóò di àdògán nínú ọkọ̀ yanrìn òun, nítorí àdògán amọ̀ kì í pẹ́ fọ́ nígbà tí ìgbì bá ń gbọn ọkọ̀, iná sì máa ń jó pákó tí a bá dá a lé e lásán, ṣùgbọ́n irin tí ó wúwo, tí ó ní etí gíga, tí a gbé ka orí yanrìn tútù, kò ní ṣubú, kò sì ní ta iná sí ọkọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n bá òun dé ojú ọ̀sà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó bi mí bí mo bá mọ omi í wẹ̀, ó bi mí bí mo bá ní aṣọ tí kì í ṣe òwú. Mo dá a lóhùn pé mo ní méjèèjì. Ó ní kí n máa bọ̀.

Odò tí a bá ní ẹ̀yìn Owódé kì í ṣe odò tí àwọn ará ibẹ̀ ń bẹ̀rù. Ní September àti October ni wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀, nígbà tí òjò òkè bá ti kún inú ìsédò Ọ̀yán, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní ọdún 1983 kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi mu, tí àwọn tí ń ṣọ́ ọ sì gbọ́dọ̀ ṣí ẹnu ọ̀nà omi kí ìsédò má baà bẹ́. Omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ níbẹ̀ a tú wọ Odò Ògùn, a sì wá bá àwọn tí ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, ní Owódé, ní Ìṣẹ̀rì, nínú yàrá wọn. Ní oṣù October ọdún 2010, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó sá jáde ní Ajégúnlẹ̀ tí ìjọba Èkó fi ní láti kó lára wọn lọ sí ibùdó ní Àgbọ̀wà. Àmì omi ṣì wà lára ògiri ilé tí mo rí létí odò, ó ga dé ibi tí fèrèsé bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kékeré kan sì dojú délẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé kan gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn ti ń gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí. Mo sọ èyí kí òǹkàwé lè mọ̀ pé àárín ará omi àti ará ilẹ̀ ní agbègbè yìí kò jìnnà síra wọn: ẹni tí ó jẹ́ ará ilẹ̀ ní January lè di ará omi ní October, láìkúrò nílé.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a lọ, odò ti fà. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ láàárín bèbè rẹ̀, ó pọ́n díẹ̀, ó rọra ń lọ. Ẹ́ńjìnnì kékeré ni àwọn ọmọ ọkọ̀ bàbá kọ́kọ́ fi tì wá, lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá gígùn ti ilẹ̀ odò, nítorí bàbá kò fẹ́ràn kí a máa sun epo níbi tí omi bá lè gbé ènìyàn lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ariwo òòlù Owódé tẹ̀lé wa títí, ó ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn ẹyẹ àkẹ̀ funfun sì gba ipò rẹ̀. Ọyẹ́ ti fi ekuru bo ojú ọ̀run, oòrùn wá pupa rúsúrúsú débi pé a lè fi ojú lásán wò ó. Ní Àgbóyì, ìlú tí omi yí po, níbi tí ọmọdé ti ń wa ọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kí ó tó mọ bí a ti ń gun bọ́ọ̀sì, àwọn obìnrin ń yan ẹja létí omi, èéfín wọn kò sì lọ sókè; ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí omi, nítorí afẹ́fẹ́ tútù ti rọ̀ sísàlẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n kí wa kú ọyẹ́, a kí wọn kú iná.

Lẹ́yìn Àgbóyì ni a rí ewé gbéborùn tí ó ti ń kú. Ewé orí omi yìí, tí ó kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Nàìjíríà láti ìhà Bẹ̀nẹ̀ gba Badagry ní ọdún 1984, tí ó sì ti dínà mọ́ ọ̀pọ̀ apẹja láti ìgbà náà, iyọ̀ òkun ni ọ̀tá rẹ̀. Bí òjò bá dá, tí odò kò lágbára mọ́ láti ti òkun sẹ́yìn, omi iyọ̀ a wọ inú ọ̀sà, a gòkè wá, gbéborùn a sì pọ́n, a rọ, a rì. Inú àwọn ọmọ ọkọ̀ dùn bí wọ́n ti ń wò ó. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń la ọ̀nà fún wọn, ẹ̀ẹ̀rùn kan náà ni ó sì ń mú ọyẹ́ wá bá wọn. Kò sí bí wọ́n ṣe lè gba ọ̀kan kí wọ́n kọ ìkejì.

Ọkọ̀ yanrìn tí a bá ní ìdákọ̀ró lórí ọ̀sà jẹ́ ọkọ̀ pákó, ó gùn, ó jinlẹ̀ níkùn, wọ́n ti fi òwú àti ọ̀dà dí gbogbo ojú ìránpọ̀ rẹ̀. Òpó kan ni ó ní, ìgbòkun rẹ̀ sì jẹ́ àpò ìrẹsì àti àjákù tapólì tí wọ́n rán pọ̀ mọ́ra wọn, aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ funfun, aláwọ̀ pupa tí oòrùn ti pa. Ẹni tí ó bá ti gba orí afárá Third Mainland kọjá nírọ̀lẹ́ yóò ti rí irú wọn lókèèrè, yóò sì ti sọ pé wọ́n lẹ́wà; afárá náà, tí ó gùn tó kìlómítà 11.8, tí wọ́n parí ní 1990, ni ibi tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ti ń wo àwọn ènìyàn wọ̀nyí láìmọ̀ wọ́n. Ìlàjẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn jẹ́ Ègùn, Ìjọ́ náà sì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn kò ní ohun èlò púpọ̀. Wọn yóò ri àkàbà sínú omi, ọkùnrin kan yóò mú bákẹ́ẹ̀tì, yóò fa èémí sínú, yóò di àkàbà mú, yóò sì mòòkùn lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí òkùnkùn ti kùn. Yóò bu yanrìn, ẹnìkejì rẹ̀ yóò fa okùn lókè, òun náà yóò sì gòkè wá mí. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa ṣe títí ikùn ọkọ̀ yóò fi kún, tí omi yóò fi kù díẹ̀ kí ó bá etí ọkọ̀ dọ́gba. Yanrìn yìí ni a fi ń po sìmẹ́ńtì, òun ni a fi ń yọ búlọ́ọ̀kù, òun ni ó di ilé tí èmi àti ìwọ ń ti fèrèsé rẹ̀ mọ́ ọyẹ́.

Ọmọ ọkọ̀ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ le bí igi ìrókò, ni ó kọ́ mi ní ohun tí n kò kà nínú ìwé kankan. Mo bi í bí omi kò ti ń tutù tó fún un nísàlẹ̀ ní irú àkókò yìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, inú omi kọ́ ni òtútù wà. Bí a bá jáde ni." Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Omi ọ̀sà kì í tètè gbàgbé oòrùn ọ̀sán. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá wà nísàlẹ̀ wà nínú ìlọ́wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti yọ orí, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá fẹ́ lu awọ ara rẹ̀ tí ó tutù, omi ara rẹ̀ a gbẹ kíákíá, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń kó ooru ara rẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí àmù amọ̀ ti ń làágùn síta tí omi inú rẹ̀ fi ń tutù. Ní ilẹ̀ olóòru bíi tiwa, níbi tí òru Èkó kì í sábà tutù ju ìwọ̀n 20 Sẹ́síọ́sì lọ, ẹnu a máa ya àlejò pé ènìyàn lè gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Kí ó wá jáde nínú omi lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ọyẹ́ sì máa fẹ́, yóò mọ̀ pé ìwọ̀n tí a kọ sára ẹ̀rọ kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ fi ń pa àdín sí gbogbo ara kí wọ́n tó wọ omi, tí wọn kì í nu ún kúrò bí wọ́n bá jáde. Òróró a mú kí omi yọ̀ lára wọn, kò sì ní jẹ́ kí awọ la. Òrí wà fún ètè àti gìgísẹ̀. Àwọn mìíràn ń jẹ ataare, wọ́n ní ó ń mú àyà gbóná. Ògógóró náà ń kiri láàárín àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n bàbá kò fi ojú rere wò ó. Ó ní ọtí a máa tan ènìyàn pé ara rẹ̀ gbóná, bẹ́ẹ̀ ooru inú ara ni ó ń kó síta, ọ̀mùtí sì ni ó ń kọ́kọ́ ṣubú sómi lóru. Àwọn oníṣègùn òyìnbó sọ ohun kan náà.

Alẹ́ lẹ́ tán, afẹ́fẹ́ yí. Ní ọ̀sán, láti ìhà òkun ni ó ti ń fẹ́, òun ni ó sì ń gbé ọkọ̀ tí ó ti kún lọ sí ìhà Ìkòròdú láìsí pé ẹnikẹ́ni fi àjẹ̀ kan omi; ní alẹ́, ilẹ̀ a fẹ́ sí omi, bí ọyẹ́ bá sì wà, a di méjì lára ẹni. Láyé àtijọ́, afẹ́fẹ́ alẹ́ yìí ni àwọn ọkọ̀ ọlọ́jà fi ń kúrò ní Ẹ̀jìnrìn àti Ẹ̀pẹ́ wá sí Èkó, àwọn ìyá wa jókòó láàárín agbọ̀n ọjà, wọ́n fi ẹní bora, títí ọkọ̀ ojú irin fi dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, tí ọ̀pọ̀ ọjà orí ọ̀sà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. Bàbá ní ìyá ìyá òun bí ọmọ kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́, wọ́n sì fi ìgbòkun we ọmọ náà di òwúrọ̀.

Ìgbòkun náà ni a fi bora ní alẹ́ ọjọ́ tí mo ń sọ. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lórí òpó tí wọ́n gbé bolẹ̀ ní gígùn ọkọ̀, ó wá dà bí àgọ́, iwájú rẹ̀ dí, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Wọn kì í sùn lórí yanrìn tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde, nítorí yanrìn tútù ń fa ooru ara; pákó ni wọ́n tẹ́, wọ́n tẹ́ ẹní lé pákó, wọ́n da àpò gbígbẹ lé ẹní. Orí kọ sí iwájú ọkọ̀, ẹsẹ̀ kọ sí ibi tí iná wà, aṣọ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n kọ́ síta kí ó má baà mú ọ̀rinrin wọlé. Ríìmù Owódé wà ní ẹnu àgọ́, wọ́n ti la ẹnu fún un, ẹyin iná pọ́n nínú rẹ̀. Ìyá oúnjẹ wọn, àbúrò bàbá, tí ń fi ọkọ̀ kékeré kiri láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, ti mú ẹ̀bà gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹja tí ata rẹ̀ ń yọ omi lójú wá; ẹ̀kọ mímu wà nínú fìláàsì fún ẹni tí yóò jí kùtùkùtù. Mo ti jẹun ní ilé ọlọ́rọ̀ tí n kò dúpẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òtútù mú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọkọ̀ na ọwọ́, ó fẹ́ fa ríìmù wọ inú àgọ́ pátápátá, kí ó sì fi tapólì bo ẹ̀yìn. Bàbá dìde jókòó. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. "Gbé e síta! Ẹ̀yin kò tíì sin ẹni tí iná pa láìjó." Ó wá sọ fún wa nípa ọkọ̀ kan tí òun mọ̀, ní ọyẹ́ ìgbà kan, tí àwọn mẹ́ta wọ inú àgọ́ pẹ̀lú èédú, tí wọ́n dí gbogbo ihò nítorí afẹ́fẹ́, tí ilẹ̀ sì mọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò jí. Ara wọn mọ́, ó ní, kò sí egbò, kò sí èéfín nínú àgọ́. Èédú tí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí kì í ta ojú. Ó ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ó ń sùn a kàn máa sùn lọ ni. Bàbá kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lọ. Òfin ọkọ̀ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: iná kì í wọ àgọ́, ẹ̀yìn àgọ́ kì í dí, ẹnìkan kì í sùn.

Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gbé nínú ọkọ̀ lórí odò àtọwọ́dá Regent ní Lọ́ńdọ̀nù, odò tí àwọn òyìnbó wà parí ní 1820 fún ọkọ̀ ẹrù, tí ó ti di àdúgbò àwọn tí owó ilé ìlú náà wọ́n jù fún. Ọkọ̀ tirẹ̀ jẹ́ irin, ó tín-ín-rín, ó ní sítóòfù tí ń jó igi àti èédú. Ó kọ̀wé sí mi pé bí omi odò bá dì gbagidi ní January, òun a máa gbọ́ bí ó ti ń ha ara ọkọ̀. Pé èémí ẹnu òun a di omi lára irin, a máa kán sórí ibùsùn. Pé nítorí òun kò ní èbúté tí òun sanwó fún, òun gbọ́dọ̀ ṣí kúrò níbi tí òun bá wà lẹ́yìn ọjọ́ 14, yìnyín ìbáà wà, ìbáà má sí, àfi bí omi bá dì tí ọkọ̀ kò lè rìn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n ní tí àwa kò ní. Láti April ọdún 2019, òfin ààbò ọkọ̀ wọn ti sọ ọ́ di dandan pé ọkọ̀ tí ó bá ní ibùgbé gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí í ké bí afẹ́fẹ́ olóró yẹn bá ti ń pọ̀. Ohun tí ẹnìkan nínú ọkọ̀ bàbá fi ojú oorun rẹ̀ ṣọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ̀rọ kékeré tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni ó ń bá wọn ṣọ́ ọ.

Òwúrọ̀ ni mo rí ewu kejì. Mo jí, n kò rí iwájú ọkọ̀ tí mo sùn sí. Kùrukùru ti dìde láti inú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó bá ekuru ọyẹ́ lókè, àwọn méjèèjì sì so pọ̀ di ògiri funfun. Afárá kò sí mọ́, Ìkòròdú kò sí mọ́. Ariwo nìkan ni ó kù, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí ariwo ti ń wá. A gbọ́ ọkọ̀ akérò kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń sáré bọ̀. Ọmọ ọkọ̀ tí kò sùn fò dìde, ó mú ọ̀pá irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ríìmù náà kíkankíkan, gbàǹgbà, gbàǹgbà, gbogbo ọkọ̀ yanrìn tí ó wà nítòsí sì gbè é, irin ń dá irin lóhùn lórí omi bí ẹni pé Owódé fúnra rẹ̀ ni ó wọ ọ̀sà wá. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà rọlẹ̀. Ó yà, a rí òjìji rẹ̀ bí ó ti ń kọjá, àwọn èrò inú rẹ̀ wọ ẹ̀wù amúniléfòó aláwọ̀ ọsàn, ojú wọn kún fún ìbẹ̀rù. Àjọ LASWA, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2008 láti máa ṣètò ọ̀nà omi, kò gba ọkọ̀ akérò láyè láti rìn lóru, ó sì sọ ẹ̀wù amúniléfòó di dandan fún èrò. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n kùrukùru ọyẹ́ máa ń sọ òwúrọ̀ di òru, àwọn tí ó sì ń sùn lórí ìdákọ̀ró kò ní ẹ̀wù, wọn kò ní àtùpà àyàfi tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú.

Bí oòrùn ti ń fọ́ kùrukùru, a rí àwọn igi gẹdú tí ń kọjá lọ sí sọ́míìlì. Wọ́n ti so ìtì igi mọ́ ìtì igi, ó lọ rẹrẹ, ọkọ̀ kékeré kan ń fà á láti ìhà ìlà-oòrùn, ó ń rọra bí ìgbín. Lórí igi náà ni àwọn ọkùnrin ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó títí di ọjọ́ tí yóò gúnlẹ̀, nínú àtíbàbà tí kò ga tó kí ènìyàn nàró. Tiwọn le ju ti oníyanrìn lọ, nítorí omi ń gba àárín igi jáde, kò sí ibi gbígbẹ tí wọn yóò gbé ẹsẹ̀ lé. Mo rí ọ̀kan nínú wọn tí ó ká ara rẹ̀ kò lẹ́bàá iná kékeré, ó fi àpò bo orí. Bàbá ké sí i, ó kí i kú ọyẹ́, ó sì ju ẹ̀kọ fìláàsì tí ó kù sí i láàárín omi. Ó gbá a mú. N kò gbọ́ ohun tí ó fi dáhùn.

Nígbà tí mo padà dé Owódé, òòlù ṣì ń dún, ọjà ń lọ. Mo wá wo àwọn ọlọ́jà irin, àwọn tí ń ra yanrìn ní ẹ̀bá odò, àwọn tí ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta ní Kétu àti Ìkòsí, mo sì rò ó pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí kò jẹ gbèsè àwọn tí mo fi sílẹ̀ lórí omi. Ohun tí wọ́n nílò kò wọ́n. Àtíbàbà kan tí a fi páànù ṣe, tí ó ní ògiri ní ìhà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, létí odò ní ẹ̀yìn Owódé àti ní àwọn èbúté mìíràn, yóò jẹ́ kí àwọn atukọ̀ tí ó bá gúnlẹ̀ lóru sùn lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Àtùpà oòrùn kan lórí òpó ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ kí ọkọ̀ akérò rí wọn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀wù amúniléfòó kò yẹ kí ó jẹ́ ti èrò nìkan. Mo bẹ ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, mo bẹ ẹgbẹ́ àwọn onírin, mo bẹ àwọn tí ń ta yanrìn pé kí wọ́n jọ dáwó rẹ̀ kí ọyẹ́ ọdún tí ń bọ̀ tó dé. Ìwọ tí o sì ń ka èyí, bí o bá ní ẹbí tàbí ojúlùmọ̀ tí ń sùn lórí omi, tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù, tàbí nínú ilé tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣí, sọ ọ̀rọ̀ bàbá fún un lónìí: kí ó má ṣe gbé èédú wọlé sùn.